Òórùn Gáàsì Nínú Ọkọ̀ Múrítàlá

Aago mẹ́jọ àárọ̀ Ọjọ́rú kan ni Tẹ́júọlá ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ bàbá rẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ kan wọlé, ó sì tún gbé e sọ̀kalẹ̀. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ bo imú.

"Bàbá, òórùn yẹn tún ti wà níbẹ̀."

"Òórùn wo?" Múrítàlá ń to àga sábẹ́ agboòrùn ńlá tí àwọn oníbàárà máa ń jókòó sí, kò tilẹ̀ wẹ̀yìn.

"Èyí tí mo sọ lánàá. Ó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Tòní tiẹ̀ le ju tàná lọ."

"Ilé iṣẹ́ bísíkíìtì ni. Ìgbà wo ni Àgídìngbì yìí ò rùn? Wọlé jàre, kó ìgò sínú fíríìjì."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó wọlé. Bí nǹkan ṣe máa ń rí láàárín wọn nìyẹn: á sọ tiẹ̀, bàbá rẹ̀ á fi ṣeré, iṣẹ́ á sì bẹ̀rẹ̀. Ọmọbìnrin ọmọ ogún ọdún ni. Òun nìkan ni Múrítàlá àti Tàíbátù ìyàwó rẹ̀ bí, ó sì wá lo ìsinmi ilé ìwé rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Àwọn òbí rẹ̀ máa ń fi imú rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí wọ́n bá ń dín nǹkan ní Ọjọ̀ọ́ta, Tẹ́jú á ti sọ ohun tó jẹ́ láti Àgídìngbì.

Ọkọ̀ tí mò ń sọ yìí kì í ṣe ọkọ̀ lásán. Irú èyí tí àwọn òyìnbó máa ń gbé lọ síbi ìsinmi ni, tí wọ́n kọ́ ilé sínú rẹ̀: ibùsùn wà níbẹ̀, ibi ìdáná wà, fíríìjì náà wà. Tòkunbọ̀ ni Múrítàlá rà á. Ó yọ ibùsùn kúrò, ó kun ara ọkọ̀ ní àwọ̀ ewé, ó sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà níwájú àwọn ilé iṣẹ́, níbi tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ti ń ta sóbò, kúnnú àti yógọ́ọ̀tì tútù fún àwọn òṣìṣẹ́. Tàíbátù ò fẹ́ kó rà á. Ó ní ohun tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ọ́n tún ṣe ní gbogbo Agége, kí ni àwọn fẹ́ fi ṣe? Múrítàlá ní kó fọkàn balẹ̀. Ṣé òun tí òun fi ogún ọdún lu ara ọkọ̀ tó ti rún títí ó fi tún ń dán ni kò ní mọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀? Ọkùnrin náà gbà tọkàntọkàn pé kò sí ìṣòro kan láyé yìí tí òòlù, páànù àti gọ́ọ̀mù ò lè yanjú.

Fíríìjì inú ọkọ̀ yẹn kì í ṣe irú èyí tó wà nílé wa. Gáàsì ló ń lò. Iná kékeré kan máa ń jó lẹ́yìn rẹ̀, iná yẹn ló sì ń mú kí inú rẹ̀ tutù. Ó máa ń ya àwọn oníbàárà lẹ́nu pé iná lè mú omi tutù, àlàyé rẹ̀ kì í sì í sú Múrítàlá. Sílíńdà gáàsì wà nínú àpótí kan lára ọkọ̀ lóde, páìpù tín-ín-rín kan sì gba abẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀ dé ẹ̀yìn fíríìjì.

Ní nǹkan bí oṣù méjì ṣáájú ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, eku láti ilé iṣẹ́ bísíkíìtì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú ọkọ̀. Wọ́n ń jẹ búǹsì, wọ́n ń gé ike. Tàíbátù, tí kì í lè fara da ìdọ̀tí, ní òun ò ní ta nǹkan mímu níbi tí eku ti ń rìn. Múrítàlá wá ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọlé, ó rí ihò méjì nílẹ̀ ọkọ̀ lábẹ́ fíríìjì, àti òmíràn tó là wẹ́wẹ́ lára ògiri ọkọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó fa fíríìjì síwájú kó lè ráyè débẹ̀, ó fi páànù àti gọ́ọ̀mù dí gbogbo wọn pa, ó sì ti fíríìjì padà. Iṣẹ́ náà mọ́ tónítóní. Eku ò wọlé mọ́. Tàíbátù yìn ín, ó se ẹran ìgbín fún un lálẹ́ ọjọ́ náà. Nínú àwọn mẹ́ta, kò sí ẹni tó bi ara rẹ̀ léèrè ìdí tí àwọn tó ṣe ọkọ̀ fi dìídì lu ihò síbẹ̀.

Kò pẹ́ sígbà náà ni òórùn bẹ̀rẹ̀. Tẹ́júọlá nìkan ló ń sọ ọ́. Àwọn òbí rẹ̀ tí wọ́n ń wọ ọkọ̀ lójoojúmọ́ ò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Ohun tó jẹ́ kí Múrítàlá pe oníṣẹ́ lọ́jọ́ Ọjọ́rú yẹn kì í ṣe òórùn. Sóbò ni kò tutù. Iná ẹ̀yìn fíríìjì ń kú ṣáá, bó bá tàn án tán, kì í pẹ́ tó fi tún ń kú. Ó pe Job, ọmọ Oǹdó kan tó ń tún fíríìjì ṣe ní Ìkẹjà. Ìgbà tí Job fi máa dé lọ́sàn-án, Tàíbátù àti Tẹ́júọlá ti lọ ra ewé sóbò ní Agége.

Job wọ ọkọ̀, ó dúró, ó sì jáde lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tẹ fóònù yẹn. Ẹ má tẹ nǹkan kan. Ẹ jẹ́ ká bọ́ sílẹ̀ ná."

Ó lọ tààrà síbi sílíńdà, ó yí orí rẹ̀ pa. Ó ṣí gbogbo ilẹ̀kùn àti fèrèsé sílẹ̀, ó sì fa Múrítàlá lọ́wọ́ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ilé iṣẹ́, ibi tó jìnnà díẹ̀ sí ọkọ̀.

"Ṣé ẹ ò gbóòórùn yìí ni?"

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ọmọ mi ló máa ń sọ ọ́."

"Ọmọ yín ló gbọ́ ọ dáadáa. Èèyàn tó bá ti ń pẹ́ nínú ẹ̀, imú ẹ̀ máa ń kú sí i ni. Ẹ̀gbọ́n, gáàsì fúnra ẹ̀ kì í rùn. Wọ́n dìídì fi òórùn burúkú yẹn sí i, ká lè mọ̀ tó bá ń jò. Tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ ọ, kò tún sí pé à ń wádìí ilé iṣẹ́ wo ló ń rùn."

Wọ́n dúró bí ìdajì wákàtí. Nígbà tí atẹ́gùn ti fẹ́ inú ọkọ̀ dáadáa, Múrítàlá mú ìṣáná jáde lápò.

"Jẹ́ ká ṣá a sí i, ká wo ibi tó ti ń jò. Bá a ṣe máa ń ṣe é ní wọ́kúṣọ́ọ̀bù nìyẹn."

Job gba ìṣáná náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi sínú àpò ara rẹ̀. "Ẹ ò ní pa mí lónìí. Ẹ bá mi bu omi, kẹ́ ẹ wá ọṣẹ ìfọṣọ."

Ó po ọṣẹ títí ó fi hó, ó ṣí sílíńdà díẹ̀, ó sì ń fi búrọ́ọ̀ṣì ta ọṣẹ náà sí gbogbo ibi tí páìpù ti so pọ̀ láti ibi sílíńdà wọlé. Kò hó níbi sílíńdà. Kò hó lára rọ́bà. Ní ẹ̀yìn fíríìjì, níbi tí páìpù ti wọ inú rẹ̀, ọṣẹ náà bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ó ń hó, ó ń bẹ́, ó tún ń wú. Job pe Múrítàlá kó wá fi ojú ara rẹ̀ rí i, ó sì tún lọ pa sílíńdà.

"Páìpù yìí ti sán lẹ́nu. Ta ló fa fíríìjì kúrò láyè ẹ̀?"

Job bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó rí páànù tó wà lórí àwọn ihò, ó sì rọra mí.

"Ẹ̀gbọ́n, gáàsì wúwo ju atẹ́gùn lọ. Tó bá jò, ilẹ̀ ló máa ń rọ̀ sí, á sì dúró síbẹ̀. Ihò ìsàlẹ̀ yìí ni wọ́n fi sílẹ̀ fún un pé kó gbà jáde, ẹ ti wá dí i. Fèrèsé tẹ́ ẹ̀ ń ṣí lókè ò tó o. Iná ẹ̀yìn fíríìjì pàápàá ò rí atẹ́gùn lò, ìyẹn ló fi ń kú."

"Eku ló ń wọlé."

"Nẹ́ẹ̀tì onírin lẹ ò bá fi sí i. Eku ò ní lè kọjá, gáàsì á máa jáde." Ó nu ọwọ́ rẹ̀. "Ẹ̀mí mẹ́ta lẹ kó sínú ọkọ̀ yìí. Páìpù tuntun ló máa gbà, mo máa rí i rà, Àbámẹ́ta ni màá wá fi sí i. Kó tó dìgbà yẹn, ẹ má ṣí sílíńdà yìí rárá. Ẹ ra yìnyín, kẹ́ ẹ kó ìgò sínú kúlà. Kí ìyàwó yín àti ọmọ yín náà mọ̀. Ẹ sọ fún wọn pé wọn ò gbọdọ̀ gbé iná kankan súnmọ́ ibí, bó ti wù kó kéré mọ."

"Màá sọ fún wọn," ni Múrítàlá wí.

Nígbà tí Tàíbátù dé láti ọjà, ohun tó kọ́kọ́ bi ọkọ rẹ̀ ni pé, "Kí ni oníṣẹ́ fíríìjì wí?"

Múrítàlá rò ó wò. Tó bá sọ òótọ́, á sọ pé òun lòun dí ihò, pé òun lòun fa fíríìjì títí páìpù fi sán. Á tún gbọ́ bí Tàíbátù ṣe máa sọ pé ṣebí òun sọ fún un kó tó ra ọkọ̀ yìí. Ó wo ọmọ rẹ̀ tó ń já ewé sóbò sínú abọ́.

"Nǹkan kékeré ni," ló wí. "Àbámẹ́ta ló máa wá parí ẹ̀."

Ó dùn mí láti kọ ọ́ sílẹ̀, torí pé gbólóhùn méjì yẹn ló pa Tẹ́júọlá. Mi ò sọ pé ọkùnrin náà fẹ́ ibi fún ọmọ rẹ̀. Kò sí ohun tó fẹ́ràn tó ọmọ yẹn. Ojú ló ń tì í, ó sì rò pé ọjọ́ mẹ́ta lásán ni òun fi máa pa á mọ́ra.

Títí di ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, Múrítàlá pa àṣẹ Job mọ́. Yìnyín ni wọ́n lò. Lọ́sàn-án ni ọ̀gá kan láti ilé iṣẹ́ tó wà lódìkejì wá sọ pé àwọn òṣìṣẹ́ òun fẹ́ ṣe ìpàdé ní Jímọ̀, pé kí wọ́n bá òun ṣe igba ìgò sóbò, kó tutù rekete. "Àbí fíríìjì yín ò ṣiṣẹ́ ni?" ló bi í, torí ó rí kúlà nílẹ̀.

"Ó ń ṣiṣẹ́, sà," ni Múrítàlá dáhùn.

Lẹ́yìn ìrun Àlàásárì, nígbà tí àwọn obìnrin ti lọ sílé lọ se sóbò, ó wọ inú ọkọ̀ pẹ̀lú sípánà. Ó fún ẹnu páìpù náà le dáadáa. Ó fi téépù yí i po lọ́nà mẹ́fà. Kò po ọṣẹ láti fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ṣí sílíńdà, ó súnmọ́ ẹ̀yìn fíríìjì, ó fi imú fà á, kò gbọ́ nǹkan kan, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. Imú tí Job sọ fún un pé ó ti kú ló fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ó tan iná fíríìjì, ó ti fèrèsé àti ilẹ̀kùn, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ tì í di ọjọ́ kejì kí ìgò lè bá inú fíríìjì tútù.

A ò mọ aago tí iná náà kú. Gáàsì ò dúró, páànù sì ṣì wà lórí àwọn ihò.

Ní àárọ̀ Jímọ̀, aago mẹ́sàn-án ti fẹ́ lù nígbà tí Tàíbátù àti Tẹ́júọlá kó ìgò dé. Bí wọ́n ṣe ṣí ilẹ̀kùn, Tàíbátù pàápàá gbóòórùn rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ó yí padà sí ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Tẹ́jú, ó jọ pé òótọ́ lọmọ yìí ń sọ. Ṣé ó dá oníṣẹ́ yẹn lójú pé kò sí nǹkan kan?"

"Mo ní kò sí nǹkan kan. Ẹ ṣí fèrèsé sílẹ̀, á lọ."

Tàíbátù kì í jẹ́ kí Jímọ̀ kan kọjá láìsun tùràrí. Láti ilé ìyá rẹ̀ ló ti mú un wá: kí wọ́n tó jáde nílé, á fọ́n ọn sórí ẹyin iná nínú abọ́ amọ̀ kékeré kan, á gbé e yí gbogbo iyàrá, kí ilé lè tu èèyàn àti màláíkà lára. Lọ́jọ́ yẹn, ó ronú nípa àwọn òṣìṣẹ́ tó ń bọ̀ wá gba sóbò, pé kí wọ́n má bá òórùn burúkú níbẹ̀. Ó bẹ obìnrin kan tó ń sun àgbàdo lódìkejì títì fún ẹyin iná díẹ̀. Ó fọ́n tùràrí sí i, èéfín olóòórùn dídùn sì bẹ̀rẹ̀ sí í rú.

Múrítàlá rí i. Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn títí dòní nìyẹn. Kò jìnnà, ìrìn ogún ẹsẹ̀ ni sí ibi tó dúró. Ó rí abọ́ iná lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, ó sì rántí ohun tí Job wí. Àmọ́ Suara, tó ń ṣọ́ géètì ilé iṣẹ́ ẹ̀gbẹ́ wọn, dúró tì í, ó ń bi í bóyá sóbò ti ṣe tán. Múrítàlá ò fẹ́ kí oníbàárà gbọ́ pé gáàsì ń jò nínú ọkọ̀ òun. Ó rò ó pé kí òun kọ́kọ́ dá Suara lóhùn, kó kúrò níbẹ̀, kí òun wá lọ sọ fún wọn. Ó tún rò ó pé ilẹ̀kùn kúkú ti wà ní ṣíṣí.

"Ẹ gbé e wá, Màámi," ni Tẹ́júọlá wí. "Orúnkún yín ò dáa. Ẹ jẹ́ kí n gbé e wọlé."

Ó gba abọ́ náà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ó gun àtẹ̀gùn méjì, ó wọlé, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti gbé e sílẹ̀ lẹ́bàá fíríìjì.

Àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ nínú ilé iṣẹ́ gbọ́ ìró náà. Gíláàsì fèrèsé ọkọ̀ bọ́ síta, iná sì là lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti ilẹ̀ dé òkè. Múrítàlá wọ inú rẹ̀ lọ, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ọmọ rẹ̀ jáde. Awọ ọwọ́ rẹ̀ ti bó, kò sì mọ̀. Suara ló ní orí pípé nínú gbogbo wọn. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣọ́ ti kọ́ ọ. Ó sáré lọ pa orí sílíńdà nígbà tí iná ò tíì dé ibẹ̀, ó ní kí gbogbo èèyàn sún sẹ́yìn, ó pe 112, nọ́ńbà pàjáwìrì, ó sì fa rọ́bà omi láti géètì. Omi tó mọ́ ló ń rọra dà sí ọmọ náà lára láìdáwọ́ dúró. Ẹnì kan gbé ẹyin tútù wá pé kí wọ́n fi pa á, òmíràn gbé epo pupa dé. Suara ní rárá. Omi nìkan ni, fún ogún ìṣẹ́jú, kí wọ́n sì fi aṣọ tó mọ́ bò ó lọ sí ọsibítù. Dókítà sọ lẹ́yìn náà pé ohun tó dáa jù tí ẹnikẹ́ni ṣe fún ọmọ yẹn lọ́jọ́ náà ni.

Àmọ́ ọmọ náà ti fa iná sínú ẹ̀dọ̀fóró. Dókítà pe àwọn òbí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sọ fún wọn pé kò dájú pé ọmọ náà á yè, kò sì fi ọ̀rọ̀ náà pa mọ́.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, Tẹ́júọlá lajú fún ìgbà díẹ̀. Ohùn rẹ̀ ò jáde tán, bàbá rẹ̀ ní láti tẹ etí sí i lẹ́nu.

"Bàbá, ṣé oníṣẹ́ yẹn ti wá? Ẹ jẹ́ kó tún un ṣe o. Kí nǹkan má lọ ṣe Màámi."

"Ó ti wá," ni Múrítàlá wí. "Ó ti tún un ṣe."

"Ẹ rí i? Mo sọ fún yín pé ó ń rùn."

"O sọ fún wa, ọmọ mi. O sọ ọ́ dáadáa."

Ó kú ní àárọ̀ Àìkú. Wọ́n sin ín lọ́jọ́ náà lẹ́yìn ìrun Àìlà. Múrítàlá, pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì tí wọ́n fi báńdéèjì dì, ò lè bu iyẹ̀pẹ̀ sí sàréè ọmọ rẹ̀. Àwọn ẹlòmíràn ló bá a bu ú.

Nígbà tí àwọn panápaná wá béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sọ pé kò sí ẹni tó mọ̀ pé gáàsì ń jò. Wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Àwọn èèyàn ń wọlé ń jáde nílé wọn ní Agége, gbogbo wọn ló ń sọ pé àkọsílẹ̀ Ọlọ́run ni. Tàíbátù ò dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Ó jókòó sórí ẹní, ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Bí ẹnì kan bá tẹnu mọ́ ọn, á sọ ohun kan náà: "Èmi ni mo tan iná yẹn. Ọwọ́ mi ló ti gbà á." Kò jẹun. Kò sunkún. Ó ní kí wọ́n kó gbogbo tùràrí ilé dà nù, ó sì ní òun ò gbọdọ̀ gbóòórùn rẹ̀ mọ́ títí òun á fi kú. Múrítàlá ń gbọ́ ọ láti inú iyàrá, lójoojúmọ́, kò sì sọ nǹkan kan.

Lọ́jọ́ àdúrà ọjọ́ kẹjọ, Job wá kí wọn. Ó jókòó tì Tàíbátù, ó sì gbọ́ ohun tó ń sọ nípa ọwọ́ rẹ̀. Ojú Job pọ́n. Ó dìde, ó pe Múrítàlá síta, sẹ́yìn ilé.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò sọ fún wọn."

Múrítàlá mi orí.

"Mi ò ní bá yín sọ ọ́. Ẹnu yín ló yẹ kó ti jáde. Àmọ́ ìyá yẹn ń kú lọ nínú ilé yìí lórí ohun tí kò mọ̀. Kò dáa bẹ́ẹ̀."

Nígbà tí àwọn àlejò lọ tán, Múrítàlá wọlé. Kò jókòó sórí àga, ilẹ̀ ló kúnlẹ̀ sí níwájú ìyàwó rẹ̀, ohun tí kò ṣe rí láti ọjọ́ tó ti fẹ́ ẹ.

"Ìyá Tẹ́jú, kì í ṣe ọwọ́ rẹ. Job sọ fún mi. Ó ní gáàsì ń jò, ó fi ọṣẹ hàn mí. Ihò tí mo dí ló sé e mọ́ inú ọkọ̀, èmi ni mo fa páìpù já. Ó ní kí n sọ fún yín kẹ́ ẹ má gbé iná débẹ̀. Mi ò sọ ọ́. Mo tún lọ ṣí sílíńdà."

Tàíbátù gbé ojú kúrò ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Ọjọ́ wo ló sọ fún yín?"

"Ọjọ́rú."

"Nígbà tí mo bi yín láàárọ̀ Jímọ̀, ẹ ti mọ̀."

"Mo ti mọ̀."

"Ẹ rí mi nígbà tí mò ń gba ẹyin iná lọ́wọ́ ìyá alágbàdo?"

Múrítàlá ò lè gbé ojú sókè. "Mo rí ọ."

Ìgbà náà ni Tàíbátù tó sunkún, ẹkún tó ti há sí i láyà láti ọjọ́ mẹ́jọ sẹ́yìn. Kò bú ọkọ rẹ̀. Nígbà tó sun ún tán, ó fi etí ìborùn nu ojú, ó sì sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ká ní ẹ sọ fún mi pé ẹ ba nǹkan jẹ́ ni, mi ò bá bínú fún ọjọ́ kan. Bóyá méjì. Lọ́jọ́ kẹta, mi ò bá ti gbàgbé. Ìbínú ọjọ́ méjì lẹ sá fún, Bàbá Tẹ́jú."

Lọ́jọ́ kejì, ó di ẹrù rẹ̀, ó sì lọ ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Kò sọ pé òun ò ní padà, kò sì sọ pé òun máa padà. Múrítàlá nìkan ló wà nílé báyìí. Ó ti lọ bá àwọn panápaná, ó ní kí wọ́n pa ohun tí òun sọ tẹ́lẹ̀ rẹ́, ó sì sọ òótọ́ fún wọn látòkè délẹ̀. Wọ́n fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Ẹjọ́ náà ò tíì parí. Kò gba agbẹjọ́rò, ohun tó sọ ni pé kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ dá fún òun tó máa wúwo tó èyí tó ti wà lọ́rùn òun.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí, kì í ṣe gbogbo yín lẹ ní ọkọ̀ onílé, àmọ́ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ilé tí gáàsì ò sí mọ́. Ìdáná ni, fíríìjì ni, ilé ìtajà ni, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Bí ẹ bá gbọ́ òórùn yẹn, ẹ má jiyàn, pàápàá bó bá jẹ́ ọmọdé tàbí àlejò ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ẹ má ṣá ìṣáná, ẹ má tan iná mànàmáná, ẹ má sì pa èyí tó wà ní títàn. Ẹ fi fóònù sílẹ̀ títí ẹ ó fi jìnnà. Ẹ pa orí sílíńdà bí ẹ bá lè dé ibẹ̀, ẹ ṣí ilẹ̀kùn, kí ẹ sì kó gbogbo èèyàn jáde kí ẹ tó pe 112 tàbí 767 ti Èkó. Omi ọṣẹ la fi ń wá ibi tó ti ń jò, ẹni tó mọ iṣẹ́ náà ló sì yẹ kó wá a. Ẹ má dí ihò tí ẹ ò mọ ohun tó wà fún. Ẹ má fi tùràrí tàbí lọ́fínńdà bo òórùn tí wọ́n dìídì fi síbẹ̀ láti gbà yín là.

Gbogbo èyí ni Job sọ fún Múrítàlá, Múrítàlá sì gbọ́ ọ yé. Ìmọ̀ wà nínú ilé yẹn fún bí ọjọ́ méjì, ẹnì kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá mọ̀ pé ewu wà nínú ilé yín lónìí, tí ìtìjú ò sì jẹ́ kí ẹ sọ ọ́, ẹ gbé ìwé yìí sílẹ̀, kí ẹ dìde, kí ẹ lọ sọ fún wọn nísinsìnyí tí wọ́n ṣì lè bínú sí yín.